Páálí Ọta Tí Bíyìí Kò Ṣí

Ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba Bíyìí lọ́kàn jẹ́. Ẹ̀kán kan lórí ewé àgbàdo gbígbẹ, òmíràn ní ogún ìṣísẹ̀ síwájú. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lẹ́yìn àwọn igi páìnì ní oko Eli, àgbẹ̀ òyìnbó arúgbó kan tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú Covington ní Amẹ́ríkà, ìrì sì ti rẹ ṣòkòtò Bíyìí dé orúnkún. Ó dá a lójú pé ọta òun bá akọ ẹlẹ́dẹ̀ igbó náà. Ìbọn kò dún ju kí àgbàlagbà wúkọ́ lọ, ó sì gbọ́ bí ọta ṣe bá ara ẹran, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ lu tìmùtìmù. Ẹran náà ta gìrì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì sá wọ igbó lọ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ọdẹ ni bàbá Bíyìí ní Ìgbẹ́tì. Kò fún ọmọ rẹ̀ ní ìwé púpọ̀. Kíláàsì kẹrin ló ti yọ ọ́ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó lè máa bá òun gbé àpò wọ igbó. Àmọ́ ó fún un ní òfin: ẹran tí o bá dá ọgbẹ́ sí lára, o kò gbọdọ̀ jẹun, o kò gbọdọ̀ jókòó, títí wàá fi bá a. Bíyìí ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta báyìí, ó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú ní College Park, ṣùgbọ́n òfin náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó tọ ẹ̀jẹ̀ náà fún wákàtí mẹ́ta.

Ó bá ẹlẹ́dẹ̀ náà létí odò kékeré kan. Ó jókòó sórí ìdí bí ajá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ó rí Bíyìí, kò lè dìde. Bíyìí sún mọ́ ọn, ó yìnbọn sí i lẹ́yìn etí, ó parí. Nígbà tó yí i padà, ó rí ibi tí ọta àkọ́kọ́ gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde. Ọgbọọgba ni ihò méjèèjì. Ìka ọmọdé kò lè wọ inú wọn. Ọta náà la ẹran já bí abẹ́rẹ́ ṣe ń la aṣọ já. Imú rẹ̀ kò ṣí, kò ya.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé láàárín ọdún méjì, mẹ́ta nínú wọn ni kò sì rí rárá. Ìgbà gbogbo ló máa ń rí nǹkan dá lẹ́bi: ọwọ́ òun ló gbọ̀n, awò orí ìbọn ló yẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ Amẹ́ríkà ló lágídí. Létí odò yìí, kò rí nǹkan kan dá lẹ́bi. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló ń dún létí rẹ̀, ohùn ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì.

Dáramọ́lá lorúkọ onítọ̀hún. Nọ́ọ̀sì ni ní Decatur, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, Bíyìí sì fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ọdún mẹ́fà ni àwọn méjèèjì fi jọ ṣọdẹ ní oko Eli tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ aáwọ̀ wọn. Dáramọ́lá ló ní kí àwọn fi ọta òjé sílẹ̀. "Òjé ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran, Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "àwọn ọmọ wa ló sì ń jẹ ẹ́." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọta tó jẹ́ bàbà láti imú dé ìdí. Ọta tó ń sáré ju ohùn lọ ni wọ́n ń lò nígbà yẹn. Á sán bí àrá, bó bá sì bá ẹran, eré rẹ̀ yóò fipá ya imú rẹ̀. Ẹran kì í rìn jìnnà.

Ẹṣin aládùúgbò Eli ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìbọn dún lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹṣin kan fo ọgbà, ó sì dá lẹ́sẹ̀. Eli pe àwọn méjèèjì, ó ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹni tí kò bá lè yìnbọn jẹ́jẹ́ kó má yìn ín mọ́. Ni wọ́n bá de agolo tó ń pa ariwo mọ́ ẹnu ìbọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọta tí kò ní sáré tó ohùn. Bíyìí, tó ń di ẹ̀tù àti ọta sínú kátíríìjì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì, dín ẹ̀tù kù. Ọta inú rẹ̀ kò yí padà.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọkùnrin ìjọ jáde lọ sí páàkì, ó ń fi èyí yangàn.

"Bàbà ni bàbà," ló wí. "Bó sáré, bó rìn, bàbà náà ni."

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n," ni Dáramọ́lá dáhùn, ó ń yí ẹran lórí iná. "Èyí tí ẹ ní yẹn, eré ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá ń rìn jẹ́jẹ́, kò ní ṣí. Èyí tí wọ́n ṣe fún jẹ́jẹ́ wà lọ́tọ̀; ihò imú rẹ̀ jìn, wọ́n sì ti la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó lè tètè ya. Ẹ ka ara páálí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

Akíntóyè, alága àwọn ọkùnrin, ló gba ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ̀gbọ́n lẹ ní kí wọ́n ka páálí? Ẹ kọ́kọ́ bá wọn wá tíṣà kíláàsì kẹrin ná."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bíyìí kò wo Akíntóyè. Dáramọ́lá ló wò, ó sì rí i pé ẹnu rẹ̀ mì.

Akíntóyè tó bú u, kí ilẹ̀ tó ṣú ló ti dárí jì í. Àlejò ni Akíntóyè nínú ọkàn rẹ̀. Dáramọ́lá ni onílé, òun ni kò lè dárí jì. Ó fi ìsìn kejì sílẹ̀, ó ń lọ sí ìsìn kìíní. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ ọkùnrin náà nínú ilé òun. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Gbémi, gbé ẹrù kékeré kan wálé lóṣù kan lẹ́yìn náà, ó ní, "Bàbá Tiwa, Dáramọ́lá ní kí n fún yín," kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Gbé e síbẹ̀."

"Ẹ ò ní ṣí i?"

"Ó fẹ́ kí n ka páálí ni. Mi ò kà."

Ẹ̀yìn agolo ọ̀dà nínú gáréèjì ni ẹrù náà sùn sí fún ọdún méjì.

Ọ̀sán ọjọ́ tó bá ẹlẹ́dẹ̀ létí odò ni Bíyìí fà á yọ. Ogún kátíríìjì ló wà nínú páálí náà. Imú ọta kọ̀ọ̀kan lu ihò jíjìn, ó pupa bí owó idẹ tuntun. Ìwé kan ká sórí wọn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, ó sì mọ̀ pé nítorí òun ni.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ló ń ṣí bó bá ń rìn jẹ́jẹ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ní ojú mi ń lọ. Oṣù kọkànlá yìí ló kẹ́yìn tí mo lè rí ẹran nínú awò ìbọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi àbúrò yín."

Ó mú ìwé náà lọ bá Gbémi ní kíṣínì. "Ṣé o mọ̀ nípa ojú ẹ̀?"

"Glaucoma ni, àrùn tó ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀. Ọdún tó kọjá ló fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"O ò sì sọ fún mi."

Gbémi pa omi ẹ̀rọ. "Ìgbà mélòó ni mo la ẹnu, tí ẹ ní kí n má dárúkọ ẹ̀? Mo pa á mọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Bíyìí kọ́kọ́ fi ọta mẹ́ta inú páálí náà yẹ awò ìbọn wò lára ìwé tó fi ṣe àmì, nítorí ọta jẹ́jẹ́ máa ń tètè wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ ẹran dé nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀. Ìbọn wúkọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ náà kúnlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ síbi tó wà. Abẹ́ awọ ní ìhà kejì ni Bíyìí ti bá ọta. Ó ti ya sí mẹ́rin, ó tẹ́ rẹrẹ bí òdòdó. Bíyìí jókòó ti ẹran náà fún ìgbà pípẹ́, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Yéjídé, ìyàwó Dáramọ́lá, ló ṣílẹ̀kùn fún un ní Decatur nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò gbóná, kò tutù.

"Ta ni?" Dáramọ́lá bèèrè láti inú pálọ̀.

"Bọ̀dá Bíyìí ni."

"Jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Dáramọ́lá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Orí rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ara ògiri ni ojú rẹ̀ ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sanra," ni Dáramọ́lá wí. "Mo gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ yín."

"Itan ẹlẹ́dẹ̀ rèé." Bíyìí gbé kúlà sílẹ̀. "O mọ òfin bàbá mi. Ẹni tó bá bá ọdẹ wọgbó ló ni itan."

"Mi ò bá yín wọgbó. Ọdún méjì rèé."

"Ọta rẹ ni mo yìn." Ó fi bàbà tó ti ya náà sí i lọ́wọ́.

Ìka Dáramọ́lá yí i ká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. "Mẹ́rin ló ṣí," ló wí. "Ìkankan ò já." Ẹ̀rín kékeré kan wá sí ẹnu rẹ̀. "Ẹ ti ka páálí."

"Sátidé tó kọjá ni mo ṣí i. Lẹ́tà náà, Sátidé tó kọjá ni mo rí i."

Ẹ̀rín náà lọ. "Mo dúró dè yín lóṣù yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo Sátidé ni mo ń wọ bàtà igbó kí ilẹ̀ tó mọ́. Yéjídé ló ń bá mi bọ́ ọ."

"Mo rò pé o fi mí rẹ́rìn-ín ni."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ páàkì. Ẹnu rẹ mì."

Dáramọ́lá ronú sí i tọkàntọkàn. "Èmi ni mo wà nídìí iná lọ́jọ́ yẹn. Ó lè jẹ́ èéfín. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀rín. Mi ò rántí mọ́."

Bíyìí ti ka ọ̀rọ̀ yẹn sínú fún ọdún méjì, ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ kò sì rántí rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. "Jẹ́ ká jọ lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Wàá kàn jókòó tì mí. Ọta jẹ́jẹ́ yìí, èèyàn ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bá ẹran."

"Mo mọ bó ṣe ń dún, Ẹ̀gbọ́n. Rírí ẹ̀ ni mo fẹ́." Ó pa ọwọ́ dé mọ́ ọta náà. "Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi. Ẹ ṣeun fún itan."

Yéjídé sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bíyìí wọ mọ́tò rẹ̀, kò tan án. Páálí ọta wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé e, ó sì fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bí ọmọ kíláàsì kẹrin, títí kò fi sí ohun tó kù láti kà.