Ẹni Tí Ajá Wá Rí

Ọ̀pá tín-ín-rín tó wà lọ́wọ́ Ambros wọ inú yìnyín lọ mítà méjì àbọ̀, ó kan àpáta nísàlẹ̀, kò bá ẹran ara pàdé. Ó fà á yọ, ó sún ẹsẹ̀ kan síwájú, ó tún tì í bọlẹ̀. Àádọ́ta èèyàn ó lé mẹ́ta ló tò lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ohun kan náà. Gbogbo wọn ló gbà pé èèyàn mẹ́ta wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ambros nìkan ló mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Òun ló mú òkè ya, tí yìnyín orí rẹ̀ fi ya wálẹ̀.

Yìnyín ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láago mẹ́fà ìdájí, àwọn mẹ́ta tí abúlé yàn láti máa wo òkè fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dé Hirschkar, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lókè abúlé, lónìí, nítorí yìnyín tuntun kò tíì dì mọ́ èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ambros wà lára àwọn mẹ́ta náà. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ ti wà ní téńté Hirschkar, síkì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú tọkọtaya kan láti Antwerp.

Àwọn tọkọtaya yìí ti yọ̀ lórí yìnyín Japan, wọ́n ti yọ̀ lórí ti Alaska àti ti Kashmir, wọn ò sì jẹ́ kí etí èèyàn sinmi nípa rẹ̀. Ìyàwó ti ń rẹ́rìn-ín láti àná pé yìnyín ìhín ti di ti àwọn ìyá arúgbó. Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ló gbé Ambros lọ. Yìnyín náà ló wù ú. Ó tẹ́ rẹrẹ, ó funfun bíi láfún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù, kò sí ojú ẹsẹ̀ ẹranko kan lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ló ni ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, ojú rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ bí ojú ọmọdé ṣe ń wọ àkàrà.

Òun ló ṣíwájú. Fún ìṣẹ́jú kan, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe ti dùn rí láti ọdún tó kọjá. Lẹ́yìn náà ni òkè ké gbàù lẹ́yìn wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yà sínú igbó lápá òsì, yìnyín gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, kò fi ọwọ́ kan wọn.

Òfin kan wà tí ọmọ kékeré abúlé yẹn pàápàá mọ̀. Bí òkè bá ya, tí kò sì gbé ẹnikẹ́ni, ìwọ tó o mú un ya ni kó o pe àwọn adóòlà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà wá máa wá òkú tí kò sí. Ambros yọ fóònù rẹ̀. Ó rántí ìwé tó fọwọ́ sí. Ó rántí báàjì afinimọ̀nà tó ti wà láyà rẹ̀ fún ọdún méjìlélógún, tí wọ́n máa gbà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ó dá fóònù padà sápò, ó sì sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ pé òun ti pè.

Ó sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ wọn ò tíì lọ tán nígbà tí fóònù tí kò fi pe ẹnikẹ́ni dún sí i lápò. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ìjókòó orí okùn tó ń gbé àlejò gòkè ti rí ipa síkì mẹ́ta tó wọ ibi tí òkè ti ya, kò rí èyí tó jáde. Atẹ́gùn ti bo èyí tó wà nínú igbó. Kí gbogbo adóòlà, Ambros náà lára wọn, máa bọ̀.

Báyìí ló ṣe wá ń fi ọ̀pá wá ara rẹ̀ láti aago mọ́kànlá. Ẹ̀rọ tó yẹ kó ké bí èèyàn bá wà nísàlẹ̀ ò ké; wọ́n ní bóyá àwọn òmùgọ̀ náà ò so tiwọn mọ́ àyà. Hẹlikọ́pítà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbé èèyàn àti ajá wá. Ó gbé Màmá Zenzi wá pẹ̀lú Bless, ajá rẹ̀, tó yí ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń fi imú tú ilẹ̀, tí kò sì rí nǹkan kan. Ìdajì yìnyín ṣì wà lókè lórí gbogbo wọn tí kò tíì já. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Ambros. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rìn lọ bá Meinrad, alápatà abúlé tó jẹ́ olórí àwọn adóòlà, láti jẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kíní, ó béèrè bóyá okùn kù. Lẹ́ẹ̀kejì, ó béèrè aago. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń padà wá mu tíì gbígbóná.

Láago mẹ́ta, Meinrad gbé rédíò sétí, ó gbọ́, ó ṣí fìlà. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún kan ti forí sọ igi ní òdì kejì àfonífojì lọ́sàn-án. Hẹlikọ́pítà kan ṣoṣo ló wà nítòsí, Hirschkar ló sì wà nígbà náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó ti kú.

Ẹnì kan béèrè orúkọ rẹ̀. Meinrad ní wọn ò tíì sọ, wọ́n ṣì ń wá ìyá rẹ̀. Ó wo òkìtì yìnyín tí wọ́n ti gbẹ́ káàkiri, tó ti wá dá a lójú báyìí pé kò sí ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀.

“Ẹni tó ṣu ti gbàgbé,” ó ní. “Àwa tí à ń kó o la ò ní gbàgbé.”

Ambros wo ilẹ̀. 

Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa palẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Màmá Zenzi ní Bless ò lè lọ sùn báyìí. Ajá tó bá wá títí tí kò rí, ọkàn rẹ̀ máa ń rẹ̀wẹ̀sì, kì í fi tọkàntọkàn wá mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Nítorí náà, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, ẹnì kan ní láti lọ dùbúlẹ̀ sínú ihò, kí wọ́n bò ó, kí ajá wá a rí. Ìyá àgbà náà wo gbogbo ojú tó ti rẹ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ambros, ìwọ lọ.”

Ó lọ. Wọ́n fi ṣọ́bìrì bò ó.

Inú ihò náà dákẹ́ rọ́rọ́. Èémí ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ó rò ó pé àwọn ará Antwerp ti lọ, atẹ́gùn ti bo ipa ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó máa bi òun léèrè láéláé. Ó ti rò pé èrò yẹn máa fún òun ní ìsinmi, àmọ́ ńṣe ló wúwo sí i láyà ju yìnyín lọ. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ó ronú nípa wákàtí kan tí ọmọ yẹn fi dùbúlẹ̀ nídìí igi, tó ń retí ìró hẹlikọ́pítà, bóyá ó tilẹ̀ ń gbọ́ ọ lókèèrè. Ó sunkún. Ó wù ú kí ajá má tètè dé.

Ó gbọ́ èékánná. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, imú tútù wọlé, lẹ́yìn náà ni ahọ́n gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí lá a lójú. Bless ń gbó, ó ń jó, kò mọ ibi tó máa fi ayọ̀ sí. Màmá Zenzi fún un ní sọ́séèjì, ó ní ó káre. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sí ẹnu ihò. Kò na ọwọ́ fún Ambros.

“Ó pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí èmi pẹ̀lú rẹ jọ ń wá èèyàn lábẹ́ yìnyín,” ó ní pẹ̀lẹ́. “Tí èèyàn bá wà níbẹ̀, o kì í fi omi kan ẹnu títí a ó fi rí i. Lónìí, o mu tíì lẹ́ẹ̀mejì.”

“Èmi ni mo mú òkè ya, Màmá.”

“Mo mọ̀. Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún.”

Nísàlẹ̀, Meinrad ń ká okùn, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ambros jáde kúrò nínú ihò, ó gbọn yìnyín ara rẹ̀ dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Bless ń tẹ̀ lé e, ó ń ju ìrù. Ní ti ajá náà, ẹni tí gbogbo wọn ti ń wá láti àárọ̀ ni òun wá rí yìí.