Àmín tí Ó Pẹ́ Lọ́nà

Àbúrò mi, jókòó, kí n rọ́ àlá yìí fún ọ kí n tó fọ ẹnu. Mo jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, mo gbé ẹ̀rọ tí ó ń bo etí méjèèjì sórí gèlè mi. Bísọ́lá ọmọ mi, tí ó ń rọbí lókè òkun, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá ó ti dé ilé ìwòsàn, kò dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà: "Ìwọ àti ọmọ ni ẹ ó jọ dìde láyọ̀." N kò gbọ́ àmín. O mọ̀ mí, n kì í gbàdúrà fún ẹni tí kò ní ṣe àmín. Mo ní, "Ó dára, máa dá a ṣe!"

Ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ dé: "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, mo ti dé ilé ìwòsàn."

Mo wá mọ̀ pé ohùn ń pẹ́ lọ́nà, àti pé àmín rẹ̀ yóò bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìbínú mi. Mo di okùn ẹ̀rọ náà mú, àfi bí ó ṣe di okùn kànga ilé bàbá wa. Àmín náà wà nínú korobá nísàlẹ̀, ó funfun bí ẹyin, ó sì wúwo ju omi lọ. Ìwọ náà dúró létí kànga, o ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àti ìbínú yín! Ẹ rọra fà á." Mo ń fà á, mo sì ń tún àdúrà náà gbà, kí àdúrà àti àmín lè pàdé lókè. Mo ti dé orí "ẹ ó jọ", korobá ti yọ, àmín náà la ẹnu, mo sì jí.