Ìlà Tó Dúró sí Ẹnu Ọ̀nà

"Ṣé ìlà yẹn ni omi, àbí òun ni ilẹ̀kùn wa?" Alhaji Bùkárì béèrè láti orí àga rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn ni, Bàbá." Ànísátù kọjú sí ògiri pálọ̀ níbi tí àwòrán ti ń tàn, ó na ọwọ́ sí i. "Ìlà pupa yìí ni ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù yín ní àdúgbò Kirkissoye. Àwọn ọ̀pá aláwọ̀ búlúù yìí ni omi odò, ọ̀pá kan fún ọdún kan. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti ọdún yìí. Ẹ ò rí i pé ó ti..."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìlà náà dáadáa. Nígbà tó kúrò ní búrò, ọ́fíìsì rẹ̀, ìlà pupa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan orí ọ̀pá tó gbẹ̀yìn, ohun tó sì fẹ́ kí àwọn àgbà rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ṣe ju àwòrán sára ògiri, àwòrán ti fẹ̀, ọ̀pá ti yẹ̀, ìlà sì ti lọ dúró sí òkè réré. Ẹni tó bá wò ó báyìí á rò pé omi kò lè dé ilé ìkẹ́rù títí ayé.

Lùkúmàn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ básẹ̀ẹ̀n, gíní dídán, ló ń tà ní àdúgbò Dar es Salam ní Niamey, kò sì sí ìpàdé tó ń lọ tí kì í ti dá àpárá. "Ó tán! Ìlà fúnra rẹ̀ ní ká lọ sùn. Ànísátù, o ṣeun, o ti bá wa yanjú ọ̀rọ̀."

Gbogbo àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Ànísátù, Àbẹ̀ẹ́bí, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Ilé ìkẹ́rù tí wọ́n ń sọ yìí kò jìnnà sí odò. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ́kọ́ wá tajà aṣọ ní Niamey ni wọ́n pawọ́ pọ̀ kọ́ ọ, Àbdùlmàlíkì bàbá Ànísátù, tó ti dolóògbé, wà lára wọn. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ilé náà ní, ọwọ́ Alhaji Bùkárì ló sì wà. Láti ìpilẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé bí ewu bá dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ẹrù tirẹ̀ gbé. Bí wọ́n bá máa kó o, gbogbo wọn ni wọ́n máa jọ kó o. Òfin tó dáa ni, torí kò jẹ́ kí ẹni tó lọ́kọ̀ sá lọ kó fi ẹni tí kò lọ́kọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjà Àbẹ̀ẹ́bí ló wà níbẹ̀, lórí pákó ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sì lè mú ìdì aṣọ kan jáde láìjẹ́ pé Alhaji sọ̀rọ̀. Bí omi bá wọlé, òun ló máa kọ́kọ́ dí aláìlọ́jà.

"Ọmọ mi," Alhaji wí, kò pariwo, "nígbà kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri àdúgbò pé omi ń bọ̀. Èmi ni mo ní ká kó ẹrù. A kó o. Omi ò dé. Òjò ló ká wa mọ́ orí afárá Kennedy, ó na aṣọ gbogbo ènìyàn lórí ọkọ̀, aró ń ṣàn bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n pa. Títí dòní, bí mo bá ń kọjá nínú ọjà, àwọn kan ṣì ń pè mí ní Alhaji Omi-ń-bọ̀. O gbọ́? Mi ò ní jẹ́ kí ìlà tí ò mọ ibi tóun ń gbé sọ mí lórúkọ kejì."

Ìpàdé tú ká. Ànísátù ká wáyà rẹ̀, ojú ń tì í débi pé kò lè gbé orí sókè kí àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n ń jáde.

Nílé, ó ju àpò kọ̀ǹpútà sórí ibùsùn, omijé ìbínú sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ọjọ́ mélòó ni mo fi ṣe é, Màámi! Ìlà lásán ló wá dójú tì mí."

"Ìlà nìkan kọ́," Àbẹ̀ẹ́bí dá a lóhùn. "Ọwọ́ wo lo fi ń júwe ilé ìkẹ́rù fún wọn?"

Ànísátù wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀tún ló fi di wáyà ẹ̀rọ mú, torí wáyà náà ti gbó, bí wọn ò bá dì í mú, àwòrán á kú. "Òsì ni," ó wí.

"Ọmọ àlè ní í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀. Ilé tí bàbá ẹ ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lórí! O tún wá kọ̀yìn sí wọn. Alhaji kò ní bú ọ níṣojú mi, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti kúrò lára ògiri kí ìlà rẹ tó sá."

"Ẹ dákun, Màámi, ṣé wọ́n á torí ọwọ́ òsì jẹ́ kí omi gbé aṣọ lọ ni? Ẹ̀yin gan-an, ṣé..." Ó wá ọ̀rọ̀ tì lédè Yorùbá, ó fi Faransé parí rẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi: "C'est pas sérieux!"

"Fi Faransé sílẹ̀ o jàre. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì kọ́. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ràn ń wá ohun tó máa fi ṣe àwáwí ni. Má fún un." Àbẹ̀ẹ́bí dìde, ó gbé omi wá fún un. "Omi ò tíì dé. Nu ojú ẹ, kí o tún un ṣe."

Ọjọ́ kejì, ìsinmi ni, ṣùgbọ́n Ànísátù gba búrò lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń wọn odò ló ń bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa fi nọ́mbà omi ya gíráàfù. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó tẹjú mọ́ ìlà pupa náà, ó sì rí àṣìṣe rẹ̀ kíákíá. Orí gíráàfù ló ya ìlà sí, kò sí nínú gíráàfù. Bí gíráàfù bá fẹ̀ tàbí tó sún, ìlà kò bá a lọ, torí wọn kì í ṣe ara kan náà. Ó fi ìbínú pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà ó padà sínú tábìlì nọ́mbà tí gíráàfù ti ń mú oúnjẹ jẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́mbà omi ọdọọdún, ó ṣí òpó tuntun kan, ó sì ní kí gbogbo àpótí inú òpó náà máa wo ẹnu àpótí kan ṣoṣo. Nọ́mbà tí àpótí yẹn bá sọ ni gbogbo wọn á sọ. Ó fi òpó yìí kún gíráàfù, ó sọ ọ́ di ìlà. Ó wá fẹ àwòrán náà títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà àti ọ̀pá jọ fẹ̀. Ó tún fún un pọ̀, wọ́n jọ sún kì. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná.

Ibẹ̀ ni Abdoulaye ti wọlé bá a. Ọmọ ẹ̀yà Zarma ni, òun ló máa ń gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ sétí odò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó wò ó.

"Ó ti dáa báyìí. Gbé e sí ibi ẹnu ọ̀nà wọn, kó dúró síbẹ̀."

"Rárá. Mo fẹ́ kó máa rìn."

"Kí ló fẹ́ máa rìn lọ wá?"

"Abdoulaye, bí mo bá gbé e síbẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́. Èmi, ọmọ kékeré. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé e síbẹ̀."

Abdoulaye gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

Ànísátù mú ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n ń fi máòsì fà jáde láti inú irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ gíráàfù, ó sì so ó mọ́ àpótí kan ṣoṣo yẹn. Ó fà á sísàlẹ̀. Ìlà gòkè! Ó tì í sókè, ìlà sọ̀kalẹ̀. Abdoulaye fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ṣubú.

"Ìlà rẹ lórí kunkun ju Alhaji yín lọ."

Ó pẹ́ kí ó tó yé Ànísátù pé ọ̀pá náà ń ka nọ́mbà láti òkè wá sísàlẹ̀ ni. Ó ní kí àpótí máa yọ ohun tí ọ̀pá bá kà kúrò lára gíga gíráàfù, ó sì fà á wò. Ìlà ń tẹ̀lé ọwọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, sókè, sísàlẹ̀.

Ó ku ohun kan. Mítà ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíráàfù, ta ló ń fi mítà wo ilẹ̀kùn rẹ̀? Òun àti Abdoulaye kọjá sí Kirkissoye, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí iwájú ilé ìkẹ́rù. Omi ti wọ inú oko létíùsì tó wà lẹ́yìn ilé náà, àwọn obìnrin sì ń tu ẹ̀fọ́ tí kò tíì gbó. Ẹ̀rù ba Ànísátù gan-an. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó padà sí búrò, ó pa mítà rẹ́, ó sì fi orúkọ tí gbogbo wọn mọ̀ rọ́pò wọn: *àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ẹnu ọ̀nà, pákó ìsàlẹ̀, pákó òkè*.

Àbẹ̀ẹ́bí ló lọ bẹ Alhaji kí wọ́n tún pàdé. "Nítorí Àbdùlmàlíkì," Alhaji wí, "kì í ṣe nítorí kọ̀ǹpútà."

Lọ́tẹ̀ yìí Ànísátù kò dúró níwájú ẹnikẹ́ni. Ó ti ra wáyà tuntun. Ó kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí ìjókòó, ó sì jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ẹsẹ̀ Alhaji, òun pẹ̀lú wọn jọ kọjú sí ògiri. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé máòsì síwájú bàbá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi fà á."

"Èmi? Kí n má lọ ba nǹkan jẹ́."

"Kò lè bàjẹ́, Bàbá. Ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀."

Alhaji gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Lára ògiri, ìlà pupa mì, ó sì gòkè.

"Háà!" Lùkúmàn pariwo. "Ó ń gbọ́ràn sí Alhaji lẹ́nu ju àwa lọ!"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ." Ṣùgbọ́n inú Alhaji dùn, ó hàn lójú rẹ̀. Ó fà á sókè, ó fà á sísàlẹ̀, ó ka orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sókè ketekete. Ó gbé e dúró sí *ẹnu ọ̀nà*. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló yọrí kọjá ìlà.

"Ọdún tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ará àdúgbò Lamordé nìyẹn, tí omi sì wọ ilé ìkẹ́rù wa," ọ̀kan nínú àwọn àgbà wí. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Alhaji kò gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì. "Ọdún Omi-ń-bọ̀ mi dà?"

Ànísátù kò na ìka. "Ọ̀pá kẹta láti apá ọ̀tún, Bàbá."

Alhaji fa ìlà sísàlẹ̀, ó ń fà á lọ, títí ó fi bá orí ọ̀pá náà. *Àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀.* Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kò dé ẹnu ọ̀nà," ó wí.

"Kò dé rárá, Bàbá. Ẹni tó kéde ló ṣì í. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣì í. Ohun tí wọ́n sọ fún yín lẹ tẹ̀lé."

Láti ọdún náà wá, wọ́n ti fi Alhaji ṣẹ̀sín, wọ́n ti bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún un rí. Ó yọ fìlà, ó fi nu ojú bíi pé òógùn ló wà níbẹ̀, ó sì dé e padà.

"Tòní ńkọ́?"

"Ọ̀pá tó gbẹ̀yìn. Àárọ̀ yìí ni Abdoulaye wọ̀n ọ́n."

Alhaji tún gbé ìlà sókè. Ó kọjá àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀. Ó ń lọ, ó ń lọ, kí ó tó bá orí ọ̀pá náà. Àlàfo tó kù sí ẹnu ọ̀nà kò ju ohun tí ìka lè dí lọ.

"Ó ṣì ń bọ̀?"

"Omi tó wà lókè odò tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa pọ̀ ju èyí lọ. Mi ò lè búra fún yín, Bàbá. Ohun tí mo mọ̀ ni mo gbé wá."

"Bí kò bá wá wá ńkọ́?" Lùkúmàn béèrè, kò ṣàwàdà mọ́. "Wọ́n á tún pè yín lórúkọ yẹn, Alhaji."

"Kí wọ́n pè é. Orúkọ kì í ba aṣọ jẹ́." Ó ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. "Ìyá Ànísátù, tìrẹ ló wà nísàlẹ̀ jù, tìrẹ la ó kọ́kọ́ gbé. Lùkúmàn, pe Israel awakọ̀ kó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Kó mú tapólì dání o! Ẹ̀ẹ̀kan lòjò ń na ọlọ́gbọ́n."

Àwọn ọkùnrin dìde, wọ́n ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àbẹ̀ẹ́bí kúnlẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́. Ànísátù na ọwọ́ ọ̀tún láti pa kọ̀ǹpútà.

"Fi í sílẹ̀," Alhaji wí. Ó tún tẹ̀ síwájú, ó fa ìlà pupa náà sókè díẹ̀, ó sì gbé e sí *ẹnu ọ̀nà*. "Àwọn tí ò wá sípàdé ṣì ń bọ̀ wá béèrè ẹni tó ní ká kó ẹrù. Má ṣe gbé e kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."