Fíúsì Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ má wo bí mo ṣe sanra tó, ojo ni mí. Mo ti bí ọmọ márùn-ún, mo ti sin ọkọ kan, mo ti fi ọmọ odó lé olè jáde nílé rí, síbẹ̀ títí di òní, bí nǹkan kan bá dún "ùùùn" lórí òrùlé, ara mi á máa gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kì í kọjá ọ̀nà ọ̀fun.

Fẹ́yìsayọ̀, àbígbẹ̀yìn mi, ló ni ilé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Santana ní Benin níbí. Èmi ni mo ń dín ẹja níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Akínfẹ́mi, ọmọ Oǹdó, iṣẹ́ fáànù ló ń ṣe. Kì í ṣe fáànù tí à ń tàn sùn o. Èyí tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé ilé ìdáná ńláńlá ni, tó máa ń fa èéfín àti ọ̀rá gba inú páìpù páànù jáde síta.

Àbúdù ló jẹ́ kí a gbé irú rẹ̀ sí tiwa. Àbúdù, ọmọ Ọ̀fà, alágbàfọ̀ ni, ògiri kúkúrú kan ló là wá láàárín. Aṣọ funfun àwọn oníbáńkì àti àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló ń fọ̀, èéfín ẹja mi a sì máa lọ bà lé wọn lórí okùn.

"Ìyá Fẹ́yì, pásítọ̀ ní aṣọ òun ń rùn bí ẹja!"

Mo ní, "Sọ fún pásítọ̀ pé apẹja ni Pétérù náà."

Àbúdù búra pé lọ́jọ́ kan òun máa yọ fíúsì wa. Bí a ṣe ń jà ní àdúgbò yìí nìyẹn. A kì í na ara wa. Bí o bá ṣẹ aládùúgbò rẹ, o kàn máa jí lówùúrọ̀ ni, wàá rí i pé ojú fíúsì rẹ lára mítà ti ṣófo, gbogbo ilé ẹlòmíràn ń tàn yòò, ìwọ ń fi ọwọ́ wá bàtà. Nítorí náà mo lọ ra fíúsì pamọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sọ ibi tó fi fíúsì pamọ́ sí, kò tíì fi pamọ́.

Nígbà tí Akínfẹ́mi gbé fáànù náà sókè tán, ó ní oṣù méjì-méjì lòun á máa gòkè lọ ha ọ̀rá inú rẹ̀. Ó ní bí ọ̀rá bá dì sínú páìpù, tí iná sì ràn án, iná náà kò ní dúró ní ìdí ààrò, òrùlé ni yóò gbà jáde. Àmọ́ kó tó fọwọ́ kan fáànù yìí, ẹ wá wo ètò! Á yọ fíúsì lára mítà, á tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Á so àkísà pupa mọ́ ojú mítà. Bó bá dókè tán, á tún fi igi há abẹ̀bẹ̀ irin fáànù náà kó má lè yí. Ìgbà yẹn ló tó máa ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ọkùnrin gìdìgbà bíi tìẹ, fáànù ló ń dẹ́rù bà ọ́? Ọkọ mi a máa fi ọwọ́ lásán di wáyà mú!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, fáànù yìí kò mọ ọwọ́ èèyàn yàtọ̀ sí ọ̀rá. Ohun tó bá bá lójú ọ̀nà ló ń gé."

"Ojo," ni mo dá a lóhùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti dá pé òun ń bọ̀ wá ha ọ̀rá. Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ sí ọjà Oliha láàárọ̀ kùtù láti ra ẹja. Mi ò mọ̀ pé bí mo ṣe jáde ni Fẹ́yìsayọ̀ gbọ́ tí fáànù ń mì jìgìjìgì, tó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Òjò ti ń ṣú, ọkùnrin náà kò fẹ́ kí ìjì bá nǹkan tó ti yẹ̀ lórí òrùlé, ló bá tètè dé, ó gbé àkàbà sí ẹ̀yìn ilé, ó gòkè. Ìyàwó rẹ̀ bá kọjá sí Santana lọ ra ata, ó rò pé èmi á pẹ́ lọ́jà.

Mi ò pẹ́.

Nígbà tí mo wọlé, kò sí ẹnìkan. Ilé dákẹ́, kò síná. Bẹ́ẹ̀ rédíò Àbúdù ń ké tantan lódìkejì ògiri, iná sì ń jó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo wo ara ògiri iwájú níbi tí mítà wà: ojú fíúsì ti ṣófo bí iwájú ẹnu mi níbi tí eyín méjì ti yọ. Àkísà pupa kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n so kókó.

Mo ti gbọ́ nípa àkísà pupa, ṣùgbọ́n n kò fi ojú sí i rí. Nígbà tí ọkùnrin náà bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹnu mi ni mo máa ń lò, kì í ṣe ojú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo sì mọ̀ pé Akínfẹ́mi ń bọ̀, nítorí náà ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, "Àbúdù! Ó yọ fíúsì wa, ó tún fi àkísà ṣe mí ní ẹ̀fẹ̀!"

Mo já àkísà náà. Mo fi nu omi ẹja lọ́wọ́, mo fi fun imú, mo jù ú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ gba orí ògiri. Mo wọ inú ilé, mo yọ fíúsì mi nínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo tì í bọ ojú rẹ̀. Fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Àbúdù! Orí rẹ kò pé! O yọ tiwa, mo fi tèmi sí i!"

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lódìkejì ògiri. "Ìyá, kí ni mo ṣe?"

"Ṣé a tún máa ń bi wèrè léèrè ohun tó ṣe?"

Mo gbé ẹja mi wọ ilé ìdáná, mo dà á sínú omi. Márùn-ún ni súìṣì ibẹ̀, wọ́n tò sí ojú kan, mi ò sì kà wọ́n rí láyé mi. Bí iná bá ti dé, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń gbá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, pàá! Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Fáànù kò dún bó ṣe máa ń dún. Ó máa ń ṣe "fùùù" bí ẹni tó ń mí. Lọ́jọ́ yìí, ó ń kérora, "ùùùn, ùùùn," bíi màlúù tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta páànù òrùlé gbàgbàgbà.

"Ta ló tan iná? Ẹ pa á! Ẹ pa á! Apá mi!"

Akínfẹ́mi!

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tọ̀ sára. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ó gbóná, ó sì dé bàtà. Èérún ọ̀rá dúdú ń jábọ́ láti ẹnu páìpù sórí ààrò, gbogbo ohun tí mo sì ń rí lójú mi ni ọwọ́ ọkọ ọmọ mi láàárín irin.

Mo gbá súìṣì padà. Mẹ́rin gbọ́, wọ́n kú. Ìkarùn-ún kọ̀, ti fáànù gan-an. Ọ̀rá ti dì mọ́ ọn, ọ̀rá ọwọ́ èmi tí mo fi ń gbá a láti ọdún méjì wá. Mo fi àtàǹpàkò tì í, ó yọ̀. Mo tún tì í, omi ẹja tún yọ̀ ọ́ lọ. Lókè, mo gbọ́ tí nǹkan kan ṣe "kẹ́ẹ́."

"Màmá! Igi ń ya o!"

Igi tó fi há fáànù. Bí igi yẹn bá ya tán, ọwọ́ tán nìyẹn.

Mo sáré. Ẹni tó bá rí mi tí mo sáré lọ́jọ́ yẹn ló lè sọ fún yín bí ilẹ̀ ṣe mì. Ìró já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mi ò yà mú un. Obìnrin Ẹ̀dó ọlọ́sàn tó jókòó lójú títì ké pe Ọlọ́run, "Osanobua! Mama, your wrapper don fall o!" Kó já. Mo fi síkẹ́ẹ̀tì nìkan dé ìdí mítà. Mo na ọwọ́ sí fíúsì, ọwọ́ mi tutù fún omi ẹja, ìka kan kò fẹ́ gbọ́ràn sí èkejì lẹ́nu.

Bí Àbúdù ṣe yọ orí lókè ògiri nìyẹn, ó mú àkísà pupa dání. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ju ohun tí ẹ fi fun imú sórí aṣọ funfun..."

"Àbúdù, fíúsì! Akínfẹ́mi wà lórí fáànù! Apá rẹ̀ wà nínú rẹ̀!"

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fo ògiri, arúgbó tó ń kérora ẹsẹ̀ lójoojúmọ́! Ó fi èjìká gbá mi sẹ́yìn: "Ẹ má fi ọwọ́ tútù kàn án!" Ó fa aṣọ gbígbẹ kan tó wà ní èjìká rẹ̀, ó fi di ọwọ́, ó sì fa fíúsì náà yọ.

Fíríìjì dákẹ́. Fáànù dákẹ́. Òrùlé náà dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló pa mí jù. Nígbà tó ń pariwo, mo mọ̀ pé ó wà láàyè. Rédíò Àbúdù ń ka ìròyìn lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

"Akínfẹ́mi!"

Mo tún ké sókè.

"Akin! Akin ọmọ mi! Mi ò ní pè ọ́ ní ojo mọ́! Dá mi lóhùn!"

Ohùn kan wá láti òkè, ó tín-ín-rín bí òwú. "Màmá... ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan nǹkan kan."

"Mi ò ní tan nǹkan kan mọ́ títí tí n óò fi kú!"

Àbúdù ló gun àkàbà lọ bá a, tó bá a yọ apá náà. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ẹ̀wù Akínfẹ́mi ti ya dé èjìká, ilà pupa kan wú yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká bí ẹ̀gbà. Àmọ́ ìka ń mì. Orógùn mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, èyí tí mo fi ń tẹ ẹ̀bà. Òun ló fi há fáànù. Ó ti ya wọ àárín, bí ìgbà tí a fẹ́ dá igi ìdáná, ìwọ̀nba fọ́nrán díẹ̀ ló ṣì so ó pọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú," ló wí. "N kò rí igi míràn, mo bá mú orógùn yín."

Ó ń bẹ̀ mí nítorí orógùn! Mo kúnlẹ̀. Òun náà rí i pé ìyá ìyàwó òun kúnlẹ̀, ló bá dọ̀bálẹ̀, àwa méjèèjì wà nílẹ̀, Àbúdù dúró lórí wa bí àlùfáà tó fẹ́ so wá pọ̀.

Akínfẹ́mi ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fíúsì tirẹ̀ síta. "Eléyìí ni mo yọ, Màmá. Ibo lẹ ti rí èkejì?"

Mo jẹ́wọ́ agolo mílíìkì.

"Ṣé òun nìkan ló wà?"

Mo wo sánmà.

"Màmá."

Mo dìde, mo wọlé, mo ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò iyọ̀, mo yọ ẹ̀kẹta. Àbúdù pàtẹ́wọ́. "Ìyá yìí, ilé iṣẹ́ fíúsì ni!" Ó ju aṣọ tó fi di ọwọ́ sí mi pé kí n fi bo ìdí. Aṣọ funfun pásítọ̀ ni. Mo ró o.

Mo rò pé ó ti parí. Ààrá sán láti ìhà Ikpoba. Akínfẹ́mi gbójú sókè. Ó ní bóòtù kan ṣoṣo ló kù tó di fáànù náà mú, òun ti tú àwọn yòókù. Bí ìjì bá gbé e, orí èèyàn lójú títì ni yóò já lé.

"Má gòkè mọ́," ni mo wí. "Mo bẹ̀ ọ́."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ká ìka rẹ̀, ó tún nà án. "Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Látijọ́ ló ti ń bà mí." Ó gba igi tuntun lọ́wọ́ Àbúdù, ó kó fíúsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé mi lọ́wọ́. "Ẹ jókòó ti mítà. Bí mo bá pè, ẹ dáhùn."

Mo gbé àpótí sí ìdí mítà, mo kó fíúsì sí àyà, mo so àkísà pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ ara mi, ti imú ti ẹ̀gbin. Wọ́n gòkè, òun àti Àbúdù. Mo ń gbọ́ bí páànù ṣe ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo sì ń tẹ fíúsì mọ́ àyà.

"Màmá! Fíúsì dà?"

"Ó wà láyà mi!"

"Mélòó?"

"Mẹ́ta!"

Ìgbà yẹn ló tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún pè. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo dáhùn, ohùn mi ha.

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ti ń bọ́ nígbà tí Fẹ́yìsayọ̀ dé pẹ̀lú ata. "Màmá! Aṣọ ta lẹ ró yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi iná sí i, mo fẹ́ lọ ata, àwọn oníbàárà ń bọ̀."

"Súnmọ́ mítà yìí, kí n bu ọ́ jẹ."

"Màmá, kí ló dé?"

"Láyà mi ló wà. Ẹni tó bá lè yọ ọ́, kó wá."

Ó dúró, ó ń wò mí, òjò ń pa wá, mi ò kúrò. Ìgbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ Akínfẹ́mi lórí àkàbà, tó yí igun ilé náà dé ọ̀dọ̀ mi, tó dúró lórí ilẹ̀, tó ní bóòtù ti pé, ni mo tó dìde. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo ka ìka rẹ̀ bí ìgbà tí agbẹ̀bí bá ń ka ti ọmọ tuntun. Ó pé mẹ́wàá. Mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ni mo ti ọwọ́ bọ àyà, mo yọ fíúsì tirẹ̀ fún un, nítorí òun ló yọ ọ́, òun náà ló gbọ́dọ̀ dá a padà.