Wọ́n Ní Èmi Nìkan Ló Lè Gbé Kọ̀ǹpútà Wọ Kíláàsì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba pé inú ṣì ń bí mi. Àwọn tó mọ̀ mí ní kí n fi í sílẹ̀, wọ́n ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Lára ta ló ti kọjá? Lára tiwọn ni.

Góòlù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìyẹn kọ́ lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ọjọ́ náà gan-an ló gbà á. A wà nínú kíláàsì òfin ilẹ̀ ní yunifásítì wa, gbọ̀ngàn kún, fáànù ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Olùkọ́ wa tí à ń pè ní Baba Gègé ń ṣàlàyé ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wádìí. Ibi tó ti dákẹ́ díẹ̀ kó lè mí ni Góòlù, tó jókòó sẹ́yìn, ti fò sókè: "Góóòlù!" Bọ́ọ̀lù ló ń wò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Ó ti ki nǹkan bọ etí méjèèjì, kò mọ̀ pé ohùn òun jáde. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́.

Baba Gègé ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jẹ́ pé gègé tí wọ́n ń tì bọ inú íǹkì ló ṣì fi ń kọ̀wé láyé tá a wà yìí, ṣé irú wọn ló máa rẹ́rìn-ín? Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ò fẹ́ rí kọ̀ǹpútà kankan nínú kíláàsì òun mọ́. Bíírò àti ìwé ni. Ó ní ẹni tó ń tẹ nóòtì, etí ló fi ń gbà á, ìka ló fi ń dá a padà, ọ̀rọ̀ náà ò yà sọ́dọ̀ ọpọlọ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọwọ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ronú ohun tó máa mú àti ohun tó máa fi sílẹ̀, torí ọwọ́ ò lè yá tó ẹnu.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò burú. Mo mọ àwọn tó ń tẹ nóòtì bí odídẹrẹ́, tó o bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n tẹ̀, wọ́n á máa wò ẹ́ bọ̀ọ̀. Mo mọ àwọn tó ń ra bàtà lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, n ò ní bá a jà. Àmọ́ ó tún fi ìrù sí i.

"Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá dá, kó mú ìwé dókítà wá, màá fún un láyè. Iwájú níbí ni yóò máa jókòó, kí gbogbo yín lè rí i pé kì í ṣe ojúsàájú."

Ojú àánú ló fi sọ ọ́ o. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi rèé. Láti kékeré ni oríkèé ìka mi ti máa ń wú. Bí mo bá fi bíírò kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀, á kọ́kọ́ máa ta mí, lẹ́yìn náà ìka á gan, n ò ní lè ká wọn, n ò ní lè nà wọ́n. Nílé ìwé gírámà gbogbo ayé ló mọ̀, Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń pè mí, torí kò sẹ́ni tó máa rí mi tí kò ní sọ pé "pẹ̀lẹ́ o." Olùkọ́ kì í bi mí ní ìbéèrè. Gbogbo ohun tó bá dùn, wọ́n á yọ mí níbẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ sinmi. Mo sinmi títí ìsinmi fi sú mi.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo búra pé ẹnikẹ́ni ò ní pè mí ní Pẹ̀lẹ́ mọ́. Màmá mi ra kọ̀ǹpútà fún mi, mo ń tẹ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń tẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu mi ni wọ́n mọ̀ mí mọ́ níbẹ̀. Abẹnugan ni wọ́n ń pè mí. Bí àríyànjiyàn bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ dúró ná, kí Abẹnugan dé." Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dùn mọ́ mi tó.

Nítorí náà, nígbà tí kíláàsì pinnu pé ká lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa ṣèpàdé lórí òfin tuntun yìí, èmi ni wọ́n ní kó gbẹnu sọ fún wọn. Màmá Kíláàsì ló kọ́kọ́ dárúkọ mi. Àwọn ló dàgbà jù nínú wa. Wọ́n ti tọ́ ọmọ, àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn, kí wọ́n tó ní àwọn náà ń bọ̀ wá kàwé. Wọ́n ní, "Abẹnugan ń bẹ níbí, kí la tún ń wá kiri?" Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, òfin ti bẹ̀rẹ̀. Mo fọwọ́ kọ nóòtì. Kíláàsì ò tíì dé ìdajì tí ìka mi fi gan, bíírò jábọ́, n ò lè mú un nílẹ̀. Gbogbo ohun tó kù tí Baba Gègé sọ lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo mú ìwé dókítà, mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò tètè sọ̀rọ̀?"

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Tí wọ́n bá wá bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ nìkan?"

"Ẹ ní ẹ̀yin lẹ fún mi láyè, sà."

"Wọ́n á ní mò ń ṣojúsàájú."

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á rò ó. Ohun tó rò náà rèé: nígbà tá a tún pàdé ní kíláàsì, ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà mi bọ́ síwájú, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ẹ má bínú sí èyí o. Àìsàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa ràn án lọ́wọ́."

Yéè! Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Bí kíláàsì ṣe parí báyìí, pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́, ọmọ dáadáa. Ẹnì kan gba báàgì lọ́rùn mi. Ṣé ọwọ́ ni mo fi ń rìn ni? Góòlù, tá a jọ máa ń jiyàn títí itọ́ á fi máa ta sí ara wa lójú, gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń pè ní òótọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré gidi, ó mirí, ó ní, "Òótọ́ lo sọ." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí.

Màmá Kíláàsì wá bá mi lábẹ́ àtẹ̀gùn. "Àbúrò mi, a ti sọ ọ́ láàárín ara wa. Góòlù ló máa gbẹnu sọ fún wa."

"Góòlù? Góòlù tó kó wa sí i?"

"Ìwọ ti gbàyè, ọ̀rọ̀ náà ò kàn ẹ́ mọ́. Tó o bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àìsàn ni wọ́n á sọ ọ́ dà. Lọ sinmi, jàre."

Sinmi! Wọ́n fún ọwọ́ láyè, wọ́n wá gba ẹnu. Mo lọ sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo pe màmá mi lórí fóònù. Màmá mi ní, "Ta ló ní kó o dákẹ́? Ṣé òun ló bí ẹ ni?"

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ọ̀gá ẹ̀ka wa, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, jókòó síwájú, Baba Gègé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Góòlù dìde, ó ń làágùn. "Ẹ má bínú, mà. A ò ní wo bọ́ọ̀lù mọ́." Ó bá jókòó. Ó parí o! Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn!

Mo dìde.

"Jókòó, ọmọ mi," Baba Gègé ní. "Ìwọ ti ní àyè tìrẹ."

"Ọwọ́ ló ń dùn mí, sà. Ẹnu ò dùn mí."

Ọ̀gá ní kí n máa sọ. Mo ní ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù, kí wọ́n lé e jáde. Ẹni tó bá ń ra bàtà, kí wọ́n lé e jáde. Kí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí iná rẹ̀ má baà dí ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bíírò, kó máa lo bíírò rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ má ní kéèyàn bọ́ra sílẹ̀ níta kó tó lè kọ nóòtì, mà. Ní báyìí, ẹni tó bá ti rí kọ̀ǹpútà níwájú mi ti rí àìsàn mi."

Ọ̀gá yíjú sí kíláàsì. "Yàtọ̀ sí i, ta ló tún ní ìdí? Ẹ nawọ́ sókè."

Kò sẹ́ni tó nawọ́.

"Ṣé ẹ rí i? Ẹnì kan ṣoṣo. A ò lè torí ẹnì kan yí òfin padà."

"Mà, ta ló máa nawọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ohun tójú mi rí?"

"Ó tó," ó ní. Bí òfin ṣe dúró nìyẹn.

Nígbà tá a padà sí kíláàsì, èmi nìkan ni mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú, bí ọjà tí wọ́n pàtẹ. Màmá Kíláàsì wá jókòó tì mí. Baba Gègé ń kọ nǹkan sójú pátákó. Mo rí i pé màmá ò kọ nǹkan kan, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé.

"Abẹnugan," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "kí ló kọ síbẹ̀?"

"Ẹ ò rí i ni?"

Wọ́n fẹnu sún mọ́ etí mi. "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, mo máa ń sọ lẹ́tà di ńlá. Jọ̀ọ́, má sọ fún wọn. Wọ́n á ní kí n lọ máa pọn ọmọ-ọmọ mi nílé."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò nawọ́?"

"Ṣé kí n nawọ́ kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n ṣe ṣe ọ́ ni? Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n ní kí Góòlù lọ sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé kò ní mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àìsàn."

Inú bí mi! Obìnrin tó ní kí n lọ sinmi! "Ẹ lọ sinmi, jàre" dé orí ahọ́n mi, ó kù díẹ̀ kó bọ́. Mo gbé e mì. Mo ti kọ̀ǹpútà sáàárín àwa méjèèjì, mo sọ lẹ́tà di ńlá títí màmá fi mí kanlẹ̀, mo tẹ gbogbo ohun tó wà lójú pátákó fún wọn. Nígbà tó yá, àwọn náà nawọ́ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Baba Gègé dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. "Màmá, ta ló fún ẹ̀yin láyè?"

Gbogbo kíláàsì wò wá. Ọwọ́ màmá kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Mo dìde.

"Èmi ni, sà."