Taní-tó-bẹ́ẹ̀ àti Onífíríìjì

Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ̀rín ni Kóòṣì, ẹni tó ń kọ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́ kíkàn, rín lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọkùnrin kan wọlé, tí wọ́n ní òun ló fẹ́ wá gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdárayá, ó ń fetí sí fíríìjì omi tó wà nígun ilé. Ó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ń pariwo jù, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, fíríìjì ló ń tún ṣe. Bí oníbàárà bá ṣọ̀wọ́n, á lọ kan ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ti nà án débi pé àwọn tó nà án kì í fi í yangàn mọ́.

Ẹ̀yin ẹ wò ó! Onífíríìjì ni wọ́n fẹ́ fi dán ọ̀gá àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò wò.

Taní-tó-bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ọ̀hún ń jẹ́ lójú ìjà. Ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ wà o, wọn ò kàn jẹ́ kó wọlé ni. Láti ìgbà tó ti gba bẹ́líìtì àwọn tó wúwo jù lọ, kò sí akúrẹtẹ̀ tí wọn ò tíì kó wá bá a. Wọ́n mú bàbá kan tí orúnkún ń dùn wá, ó nà án. Wọ́n mú ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù wá, ó nà án, ó sì gun orí okùn, ó ń bú bíi kìnnìún. Kìnnìún wo? Kìnnìún tó ń pa adìẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀! Ẹ̀ṣẹ́ tó ń kù bí òjò tẹ́lẹ̀ ti di ìrì, àpò iyanrìn tó yẹ kó máa lù ti di ohun tó ń fara tì ya fọ́tò.

Onítíkẹ́ẹ̀tì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Òun ló ń ṣètò ìjà, tó ń ta ìjókòó, ó sì mọ̀ pé bí bẹ́líìtì bá bọ́ lọ, ọjà tú nìyẹn. Gbogbo ayé ló mọ ẹni tó yẹ kí ó mú wá. Ọlọ́wọ́-Òsì ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti sọ ọkùnrin kan di ẹni tí ìyàwó ń fi ṣíbí bọ́. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú ẹgbẹ́ tó ni bẹ́líìtì. Wọ́n ní bí Taní-tó-bẹ́ẹ̀ bá na Onífíríìjì tán, Ọlọ́wọ́-Òsì ló kàn, kò sí àwáwí.

Ohun tó ń jẹ Kóòṣì lọ́kàn nìyẹn. Ìyá Taní-tó-bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀yìn Kóòṣì ni ọmọ náà sì ti ń sùn kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ó pinnu pé ìjà Onífíríìjì lòun á fi dán ọmọ yìí wò. Bí ọkàn akin bá ṣì kù níkùn rẹ̀, àwọn á múra de Ọlọ́wọ́-Òsì. Bí kò bá sí mọ́, a jẹ́ pé wọ́n ń mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa pa á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn oníròyìn, wọ́n fi àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn tábìlì kan náà. Taní-tó-bẹ́ẹ̀ gbá máíkì mú.

"Ìwọ yìí? Ta ló rán ẹ wá? Ṣé ìyàwó ẹ mọ̀ pé o jáde?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Onífíríìjì fi tó ọdún mẹ́wàá ju ẹni tó ń bú u yìí lọ, ewú ti yọ lágbọ̀n rẹ̀, àmọ́ ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

"Fíríìjì ilé mi kò tutù mọ́," ni Taní-tó-bẹ́ẹ̀ wí. "Tí mo bá nà ẹ́ tán, o máa wá tún un ṣe."

Onífíríìjì gbójú sókè. "Ṣé ó ṣì ń dún, sà, àbí kò dún rárá?"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Taní-tó-bẹ́ẹ̀ rò pé ọkùnrin yẹn ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, àbí?

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Kóòṣì fà á lápá. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni ọkùnrin yẹn. Nà án tó o bá fẹ́ nà án, ṣùgbọ́n yéé pè é ní 'ìwọ'."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ẹni tí mo fẹ́ lù bolẹ̀ ni kí n máa kí ní 'ẹ'?"

Kóòṣì jọ̀wọ́ apá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ja ìjà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀sín lásán ni. Taní-tó-bẹ́ẹ̀ ń jó, ó ń kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń yọ ahọ́n, ó ń na ọkùnrin náà bó ṣe wù ú. Àwọn adájọ́ ń fún un ní máàkì, Onítíkẹ́ẹ̀tì ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹ̀yìn pọn fíríìjì gun àtẹ̀gùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ rẹ̀ ẹ́? Nígbà tó fi máa di abala kẹfà ìjà náà, èémí ti ń súfèé lọ́fun ọ̀gá, ijó ti tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Onífíríìjì kò sáré, kò jó. Ó kàn ń sún mọ́ ọn, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ ti ìhà rẹ̀ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tó há. Ẹ̀ṣẹ́ tí kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń wọlé.

Ni Taní-tó-bẹ́ẹ̀ bá dì mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ okùn ni wọ́n wà, lókè orí Kóòṣì gan-an. Kóòṣì rò pé èébú ló fẹ́ bú ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ ketekete lẹ́nu ọmọ náà nìyí:

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ rọra. Ẹ má lù mí níhà mọ́, ẹ gbà mí."

Kóòṣì gbá okùn mú. *Ẹ*. *Sà*. Ọmọ tí kò ní *ẹ* kan ṣoṣo fún àgbàlagbà yìí lójú gbogbo ayé, ó ń kó *ẹ* dà sí i létí nítorí pé ìhà ń dùn ún.

"Ó dáa, sà," ni Onífíríìjì wí, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀ lóòótọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ti mọ́ ọn lára kí oníbàárà sọ ohun tó fẹ́ kó sì ṣe é.

Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì délẹ̀ tán tí Taní-tó-bẹ́ẹ̀ fi kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lágbọ̀n, gbà! Onífíríìjì wó lulẹ̀ lórí eékún. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pariwo orúkọ ọ̀gá wọn, ọ̀gá wọn sì na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń bú bíi kìnnìún. Rẹfirí ń kà. Onífíríìjì dìde, ó ń wo Taní-tó-bẹ́ẹ̀ tìyanu-tìyanu, bí ẹni tí wọ́n fún ní àdírẹ́sì tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ náà kó Kóòṣì nírìíra. Ó rí Ọlọ́wọ́-Òsì lọ́kàn rẹ̀, ẹni tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, tí kì í sì í sọ ọwọ́ kalẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Kóòṣì wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní irọ́ ni, ẹ̀sín yá. Ó fa táwẹ́ẹ̀lì yọ léjìká, ó sì jù ú sáàárín ojú ìjà, àmì pé àwọn ò jà mọ́.

Rẹfirí wo táwẹ́ẹ̀lì, ó wo Kóòṣì, Kóòṣì mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bá gbé ọwọ́ Onífíríìjì sókè.

"Sà," ni Onífíríìjì ń bi rẹfirí, "ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣì mí mú?"

Onítíkẹ́ẹ̀tì ti ń bọ̀ lọ́nà, ó ń ṣépè. Kóòṣì kò wò ó. Ó gun ojú ìjà lọ, ó ti Taní-tó-bẹ́ẹ̀ jókòó sórí àpótí.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yìí? Mò ń borí! Mo ti na ọkùnrin yẹn tán!"

"Ẹ̀bẹ̀ lo bẹ̀ ẹ́."

Òógùn ń ṣàn sí Taní-tó-bẹ́ẹ̀ lójú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ orí wá sílẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọ tó tọ̀ sílé.

"Ṣé àwọn èèyàn gbọ́?"

"Èmi gbọ́," ni Kóòṣì wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ìbọ̀wọ́ rẹ̀.