Rólà Onírun àti Ọ̀pá Gígùn

Ọ̀pá rólà ìkunlé kẹrin rèé tí mo ń fà gùn nínú ṣọ́ọ̀bù Àmínù tó ń ta ọ̀dà ní Mushin, ara mi ò sì balẹ̀. Àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ìkejì, bí mo ṣe tì í mọ́ ògiri ló wọ inú ara rẹ̀ padà. Ìkẹta ò dé àjà ṣọ́ọ̀bù gan-an, ká má tíì sọ ti gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí mo fẹ́ kùn ní Surulere.

"Ẹ̀gbọ́n Theo, ṣé kò sí o?" Àmínù ní. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé pẹ́ńtà tó bá ń lo ọ̀pá, ọ̀lẹ ni."

"Ta èyí fún mi jàre. Kó o mú rólà onírun gígùn sí i. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yẹn rí ṣákiṣàki, rólà fóòmù ò lè wọ inú ihò rẹ̀."

Lóòótọ́, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gun àkàbà kiri Èkó. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ijora, àkàbà yọ̀ lábẹ́ mi, mo já lulẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì kán. Egungun ti jinná, ẹ̀rù ò lọ. Bí mo bá ti dé ìgbésẹ̀ kejì báyìí, orúnkún mi á máa gbọ̀n. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Pẹ́ńtà tí ò lè gun àkàbà, kí ló kù tí yóò máa jẹ́?

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìsìn ìkórè tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe nínú gbọ̀ngàn náà sì ku ọ̀la. Màmá Margaret, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ọ̀pá yẹn ṣiṣẹ́ gidi. Nígbà tó fi máa di aago méjì, mo ti kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìkúrò nílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè. Lábẹ́ àjà, yí gbọ̀ngàn ká, ọ̀dà àtijọ́ ṣì hàn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Rólà kì í wọ igun. Búrọ́ọ̀ṣì àfọwọ́mú nìkan ló ń débẹ̀, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ lánàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló mú mi gbàgbé.

Mo so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ọ̀pá, ó kun ọ̀dà mọ́ àjà. Mo so àkísà mọ́ ọ̀pá, mo fi nù ún. Mo rìn yí gbọ̀ngàn ká, mo jókòó, mo tún dìde.

Màmá bọ́ bàtà. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fa àkàbà ṣọ́ọ̀ṣì wá láti ẹnu ọ̀nà, ó sì gùn ún.

"Mà, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Theophilus, ẹ̀rù ń bà ẹ́. Àtàárọ̀ ni mo ti ń wò ẹ́. Di àkàbà mú."

Ojú tì mí, mo sì dì í mú. Àmọ́ ìlà tí Màmá ń fà ń lọ sókè sódò bí ìwé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́la, gbogbo ìjọ á jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní Theophilus ló kùn ún. Mo lè fara da kí èèyàn mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè fara da ìlà yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́. Orúnkún mi gbọ̀n ní ìgbésẹ̀ kejì, ó gbọ̀n ní ìkẹta, ó sì ń gbọ̀n títí mo fi dókè. Nígbà tí mo gbé búrọ́ọ̀ṣì lé igun, ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

"Mà, ẹ má fi àkàbà sílẹ̀ o."

"Mo dì í mú," ni Màmá wí.